Ètùtù àti Ìdáríjì Láàárín Àwọn Tí Wọ́n Ti Jẹ́ Ọ̀tá: Ohun Tí A Rí Kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Júù

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi

Ohun tí a ó kà nínú Ìwé Mímọ́: Jẹ́nẹ́sísì 32–33 àti 44–45, Léfítíkù 16, Ẹ́kísódù 23, 4–5, Máttéù 5, 23–24, Lúkù 19, 1–10.

Kókó ẹ̀kọ́: Ọlọ́run ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì wá ní ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìdáríjì rẹ̀ kò gbà wá láyè láti yẹra fún ilé ẹni tí a ṣẹ̀.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, àwa tí a ń gbé ní Kamina mọ àwókù tí àwọn ará Jámánì fi sílẹ̀ nítòsí wa. Láti 1911 títí di 1914 ni wọ́n fi kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan síbẹ̀, èyí tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́ láìlo wáyà títí dé Nauen, ní ẹ̀bá Berlin, ọ̀nà tí ó jìn tó 5,000 kìlómítà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé sì ń súnmọ́ tòsí, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25. Ní ọjọ́ 26, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn. Lónìí, koríko ti hù bo púpọ̀ nínú àwókù náà, àwọn ará Faransé àti àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń pa ara wọn nígbà náà sì ti di ọ̀rẹ́.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú kíláàsì wa bi mí léèrè pé: “Bàbá olùkọ́, báwo ni ọ̀tá ṣe ń di ọ̀rẹ́? Ṣé bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́ náà ni?” Mo dá a lóhùn pé rárá. Koríko lè bo àwókù, ṣùgbọ́n àwókù kò kúrò lábẹ́ koríko. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ lásán rìn níbẹ̀ ni yóò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìjà rí. Ìgbàgbé kì í ṣe ìdáríjì, nítorí pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó máa ń tètè gbàgbé. Ẹni tí a ṣẹ̀ kì í gbàgbé.

Àwọn Júù ti ronú jinlẹ̀ sí ìbéèrè yìí fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ. Àwọn ni ènìyàn Olúwa wa Jésù Krístì, ti Màríà ìyá rẹ̀ àti ti àwọn Àpósítélì. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ inú omi ìrìbọmi, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

1. KÍ NI ÈTÙTÙ?

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ètùtù, ní èdè wa, ohun tí ó ń wá sí wa lọ́kàn ni ohun tí a fi ń tu ẹni tí inú ń bí lójú, kí ọkàn rẹ̀ lè rọ̀. Púpọ̀ nínú yín dàgbà ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe ètùtù fún òrìṣà tàbí fún ilẹ̀ nígbà tí àjálù bá dé. Nínú Ìwé Mímọ́, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ọlọ́run kọ́ ni ènìyàn ń fi ẹbọ bẹ̀ kí ó má ba à pa á run. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀nà ètùtù fún àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n padà sọ́dọ̀ òun (Léf 17, 11).

Ẹ wo Jákọ́bù nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ó ti fi ẹ̀tàn gba ìbùkún tí ó jẹ́ ti Ísọ̀, arákùnrin rẹ̀, ó sì sá lọ. Ogún ọdún ni ó lò ní ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó gbọ́ pé Ísọ̀ ń bọ̀ wá pàdé òun pẹ̀lú irinwó ọkùnrin. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó kó ẹran ọ̀sìn ṣáájú ara rẹ̀, ó ní òun yóò fi wọ́n tu arákùnrin òun lójú. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí a lò níbẹ̀ fún títu ojú Ísọ̀ bá orúkọ Ọjọ́ Ètùtù, Yom Kippur, tan. Orírun kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Ìwé Mímọ́ fi ń sọ ohun tí à ń ṣe níwájú Ọlọ́run àti ohun tí à ń ṣe níwájú arákùnrin wa.

Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, Jákọ́bù tẹrí ba ní ìgbà méje. Ísọ̀ sáré pàdé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún. Ísọ̀ kò fẹ́ gba ẹran náà, ṣùgbọ́n Jákọ́bù bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà á. Ní èdè Hébérù, orúkọ tí Jákọ́bù pe ẹ̀bùn náà nígbà tí ó ń bẹ̀bẹ̀ ni “ìbùkún” (Jẹ́n 33, 11). Ìbùkún ni ó jí, ìbùkún ni ó ń fi fún un padà. Ẹ̀bẹ̀ kò tó. Ohun tí ó gbà ń fẹ́ padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

2. OHUN TÍ ỌJỌ́ ÈTÙTÙ LÈ ṢE, ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Nígbà tí Tẹ́ḿpìlì wà ní Jerúsálẹ́mù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni olórí àlùfáà ń wọ ibi mímọ́ jùlọ, ní Ọjọ́ Ètùtù. A ń mú òbúkọ méjì wá: a fi ọ̀kan rúbọ, olórí àlùfáà sì gbé ọwọ́ lé èkejì lórí, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn, a sì lé e lọ sí aginjù (Léf 16). Ní ọdún 70, àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì náà. Láti ìgbà náà, àwọn Júù kò ní ibi ìrúbọ mọ́, ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ètùtù kò parẹ́. Títí di òní, wọ́n ń gbààwẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, láìjẹ, láìmu, láìwẹ̀. Wọ́n sì ń fi ẹnu kan jẹ́wọ́ pé “àwa ti ṣẹ̀”, kì í ṣe “èmi ti ṣẹ̀” nìkan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ń ka ìwé Jónà. Ẹ rántí pé Nínéfè jẹ́ ìlú Ásíríà, ìjọba tí ó wá pa Samáríà run ní nǹkan bí ọdún 722 kí a tó bí Krístì. Ọlọ́run rán Jónà sí àwọn ọ̀tá rẹ̀, inú sì bí Jónà nígbà tí Ọlọ́run dárí jì wọ́n. Ní ọjọ́ tí àwọn Júù ń tọrọ àánú fún ara wọn, wọ́n ń ka ìtàn àánú tí a fi hàn fún ọ̀tá wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wọn fi ààlà kan lélẹ̀, èyí sì ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa lónìí. Nínú Míṣínà, àkójọ ẹ̀kọ́ tí a parí ní nǹkan bí ọdún 200, wọ́n pín ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, Ọjọ́ Ètùtù a máa wẹ̀ ẹ́ nù fún ẹni tí ó bá ronú pìwà dà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàárín ènìyàn àti ọmọnìkejì rẹ̀, Ọjọ́ Ètùtù kò lè wẹ̀ ẹ́ títí ẹni tí ó ṣẹ̀ yóò fi lọ tu ọmọnìkejì rẹ̀ lójú. Ìwọ lè gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí o bá ti jí ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ, ẹjọ́ náà kò tí ì kúrò nílẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí ẹnìkan bá jẹ ọ́ ní gbèsè, tí èmi tí ń kọjá lọ sì sọ fún un pé, “Máa lọ, mo ti fi jì ọ́,” ìwọ yóò bi mí pé ta ni ó rán mi. Àwọn olùkọ́ náà rí i pé Ọlọ́run bọ̀wọ̀ fún ẹni tí a ṣẹ̀ débi pé kò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

3. OJÚṢE ẸNI TÍ Ó ṢẸ̀

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ńlá wọn ni Mósè ọmọ Máímónì, ẹni tí a bí ní Córdoba ní ilẹ̀ Spéènì, tí ó sì kú ní ọdún 1204. Ó kọ òfin nípa ìrònúpìwàdà, èyí tí àwọn Júù ń pè ní teshuvah, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “pípadà”. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ ní láti fi ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀, kí ó kábàámọ̀ rẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì pinnu pé òun kò ní ṣe é mọ́. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá kan ọmọnìkejì, kí ó san ohun tí ó bàjẹ́ tàbí tí ó gbà, kí ó sì lọ tọrọ àforíjì. Ẹni tí ó san owó láìtọrọ àforíjì kò tí ì parí iṣẹ́. Ẹni tí ó tọrọ àforíjì láìsan nǹkan kan kò tí ì parí iṣẹ́.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ènìyàn ti padà ní tòótọ́? Mósè ọmọ Máímónì sọ pé: bí irú àyè kan náà bá tún ṣí sílẹ̀ fún un, tí agbára rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ṣe é mọ́. Ẹ fi ìtàn Júdà wò ó. Júdà ni ó dámọ̀ràn pé kí a ta Jósẹ́fù (Jẹ́n 37). Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní Íjíbítì, Jósẹ́fù, tí wọn kò dá mọ̀, ṣètò ọ̀rọ̀ kí àyè lè yọ fún wọn láti fi Bẹ́ńjámínì sílẹ̀ sí oko ẹrú kí wọ́n sì máa lọ sílé. Àyè náà ṣí gbayawu. Ṣùgbọ́n Júdà jáde síwájú, ó ní kí a mú òun ṣe ẹrú dípò àbúrò òun (Jẹ́n 44, 33). Ìgbà náà ni Jósẹ́fù kò lè mú ọkàn le mọ́. Ó bú sẹ́kún, ó sì fi ara rẹ̀ hàn wọ́n. Kò kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lójú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó dúró títí ó fi rí ọkàn tuntun.

4. OJÚṢE ẸNI TÍ A ṢẸ̀

Ẹni tí a ṣẹ̀ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Míṣínà sọ pé ẹni tí a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ òǹrorò. Ábúráhámù ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ: Ábímélékì mú ìyàwó rẹ̀, ó dá a padà, Ábúráhámù sì gbàdúrà fún un (Jẹ́n 20, 17). Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá kọ̀, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mẹ́ta láti bá a bẹ̀bẹ̀. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kejì àti nígbà kẹta. Bí ẹni tí a bẹ̀ bá ṣì kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: òun gan-an ni ó wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ báyìí.

Àwọn olùkọ́ mìíràn tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ròyìn nípa Rábì Zéírà pé bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ẹ́, a máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ẹni náà kí ó lè rọrùn fún un láti wá bẹ òun. Kò pariwo, kò fi sùn. Ó kàn sún mọ́ tòsí kí ojú má ba à ti ẹni náà jù.

Fún àwọn tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn ṣọ̀tá, Òfin Mósè kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu iṣẹ́. Bí o bá rí màlúù ọ̀tá rẹ tí ó ṣìnà, mú un padà fún un. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹni tí ó kórìíra rẹ bá wó lulẹ̀ lábẹ́ ẹrù, ràn án lọ́wọ́ (Ẹ́ks 23, 4–5). Nínú Tálímọ́dù, wọ́n bi ara wọn pé: bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń fẹ́ kí a bá òun sọ ẹrù kalẹ̀, tí ọ̀tá rẹ sì ń fẹ́ kí a bá òun gbé ẹrù lé ẹran, ta ni kí o kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́? Wọ́n dáhùn pé ọ̀tá ni, kí o lè ṣẹ́gun ọkàn ara rẹ. Ọwọ́ méjì tí ó jọ gbé ẹrù kan pọ̀, ó ṣòro fún wọn láti tún padà di ẹ̀ṣẹ́.

5. ÀWỌN TÍ WỌ́N TI KÚ Ń KỌ́?

Ìbéèrè tí ó le jù nìyí, ọ̀rúndún ogún sì mú kí ó tún le sí i. Láàárín 1941 sí 1945, ìjọba Násì ní Jámánì àti àwọn aláṣepọ̀ rẹ̀ pa nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Simon Wiesenthal, ọkùnrin Júù kan tí ó wà ní àgọ́ ìfìyàjẹni, ròyìn pé a mú òun lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọ̀dọ́ ọmọ-ogun Násì kan tí ń kú lọ. Ọmọ-ogun náà jẹ́wọ́ bí òun ti bá wọn sun àwọn Júù nínú ilé, ó sì bẹ Wiesenthal kí ó dárí jì òun. Wiesenthal dákẹ́, ó sì jáde. Lẹ́yìn ogun, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé, ó sì bi ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ayé léèrè pé: kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?

Rábì Abraham Joshua Heschel fi ìtàn kan dáhùn. Nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn oníṣòwò kan fi ìwọ̀sí lọ olùkọ́ àgbà ìlú Brisk, nítorí wọ́n rò pé aláìnílárí ni. Nígbà tí wọ́n mọ ẹni tí ó jẹ́, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe olùkọ́ àgbà ni wọ́n ṣẹ̀, aláìnílárí inú ọkọ̀ ni. Kí wọ́n lọ bẹ ẹni náà. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Júù ti rí i, kò sí alààyè tí ó lè dárí jì ní orúkọ ẹni tí a pa. Mósè ọmọ Máímónì ti kọ́ wọn pé bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti kú, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ mú ènìyàn mẹ́wàá lọ sí ibojì rẹ̀, kí ó jẹ́wọ́ níbẹ̀, kí ó sì san gbèsè fún àwọn àrólé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn mílíọ̀nù náà kò ní ibojì, ọ̀pọ̀ kò sì fi àrólé sílẹ̀.

Kí wá ni ó kù? Òtítọ́ àti àtúnṣe. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní Luxembourg, láti san bílíọ̀nù mẹ́ta owó Máàkì. Ọ̀pọ̀ Júù lòdì sí i gidigidi. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà á sì sọ ọ́ kedere pé àwọn gba owó, ṣùgbọ́n gbígba owó kì í ṣe ìdáríjì. Láti 1961, àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni láti Jámánì pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí Ísírẹ́lì láti fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara mọ́, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí a wẹ̀ sàn ju ọgbẹ́ tí a fi aṣọ bò lọ.

6. ÌJỌ ÀTI ÀWỌN JÚÙ

Àwa Kristẹni kò gbọdọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé kò kàn wá. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ọ̀pọ̀ Kristẹni dá gbogbo Júù lẹ́bi ikú Jésù, wọ́n sì fi ìyà jẹ wọ́n. Bí ẹ bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ tó dé ibi omi ìrìbọmi. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Vatican Kejì kéde nínú ìwé Nostra Aetate pé a kò lè ka ikú Olúwa sí gbogbo Júù ìgbà náà lọ́rùn, tàbí sí àwọn Júù òde òní. Ẹ̀kọ́ Ìjọ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wa ni ó kan Jésù mọ́ àgbélébùú.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2000, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba fún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ Ìjọ, títí kan ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì. Kò fi mọ sí Róòmù. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ó dé Jerúsálẹ́mù, ó rìn pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lọ síbi Ògiri Tẹ́ḿpìlì, ó sì fi ìwé àdúrà ìtọrọ ìdáríjì náà sáàárín àwọn òkúta. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń dúró nílé ẹni ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ rábì àti ọ̀mọ̀wé Júù ní Amẹ́ríkà jọ fọwọ́ sí ìwé kan nípa àwọn Kristẹni, tí wọ́n fi gbà pé ìyípadà náà jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ rìn wá, ẹni tí a ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

7. NÍ ILẸ̀ TIWA

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ààrẹ Eyadéma kú ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2005. Nígbà ìbò ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún náà àti lẹ́yìn rẹ̀, ìwà ipá bẹ́ sílẹ̀, Atakpamé sì wà lára àwọn ìlú tí ó fara gbá a. Àwọn aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí wọ́n wá ṣèwádìí ròyìn pé ènìyàn 400 sí 500 ni ó kú ní orílẹ̀-èdè wa. Nǹkan bí 40,000 sì sá lọ sí Benin àti Ghana. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Ẹni tí ó jù ú àti ẹni tí ó bà ṣì ń pàdé lójú ọ̀nà odò.

Ní ọdún 2009, ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́, Ìdájọ́ Òdodo àti Ìlàjà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí CVJR, láti wádìí ìwà ipá ìṣèlú láti 1958 títí di 2005. Bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé nígbà náà, Nicodème Barrigah, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Lomé ní 2019, ni a fi ṣe alága. Àgbà tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Nítorí náà ìgbìmọ̀ náà ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn, ó sì gba ẹ̀rí tí ó ju 22,000 lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2012, ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìmọ̀ràn 68. Ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn, HCRRUN, ni a wá dá sílẹ̀ láti mú ìmọ̀ràn wọ̀nyí ṣẹ àti láti san owó ìtùnú fún àwọn tí ìyà jẹ.

Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀kọ́ àwọn Júù wò ó. Ìgbìmọ̀ lè gbọ́ ẹjọ́, ó lè kọ òtítọ́ sílẹ̀. Ìjọba lè san owó. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó lè tọrọ àforíjì ní orúkọ ẹni tí ó dáná sun ilé aládùúgbò rẹ̀. Kò sì sí bíṣọ́ọ̀bù tí ó lè dárí jì ní orúkọ ìyá tí a pa ọmọ rẹ̀. Apá iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ àwa tí a ń gbé inú ilé.

8. KÍ NI ÈYÍ NÍ Í ṢE PẸ̀LÚ ÌRÌBỌMI YÍN?

Ìgbàgbọ́ wa ni pé Jésù Krístì ni ètùtù wa, ó fi ara rẹ̀ rúbọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. Níhìn-ín ni ọ̀nà wa àti ti àwọn Júù ti yà. Ìrìbọmi yóò wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yín nù, kò ní ku ọ̀kan. Nígbà náà, ẹnìkan lè sọ pé: “Èé ṣe tí mo fi ní láti lọ bá aládùúgbò mi?” Jésù fúnra rẹ̀ dáhùn. Ó ní bí o bá ti mú ọrẹ dé ibi pẹpẹ, tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ ní ẹ̀sùn sí ọ, fi ọrẹ náà sílẹ̀, kí o kọ́kọ́ lọ bá a rẹ́ (Mt 5, 23–24). Sákéù kò dúró kí a pàṣẹ fún un kí ó tó sọ pé òun yóò san ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, mo sún pèrègún tí ó wà ní ààlà oko mi àti ti ìbátan mi kan, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré. Nígbà tí ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, mo lọ jẹ́wọ́. Àlùfáà gbọ́ tèmi tán, ó sì bi mí pé: “Pèrègún náà ń kọ́? Ibo ni ó wà báyìí?” N kò lè dáhùn. Mo dá pèrègún padà sí àyè rẹ̀, mo sì lọ bẹ ìbátan mi. Kò dá mi lóhùn. Mo padà lọ, ó lé mi. Nígbà kẹta, mo mú àwọn àgbà lẹ́yìn. Ó wò mí títí, ó ní: “Ọjọ́ tí o gbé e gan-an ni mo ti rí i. Ìwọ ni mo ń retí.” Kì í ṣe ilẹ̀ ni ó ń dùn ún ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Pé mò ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Míìsà láìsọ nǹkan kan ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀, ẹ dìde, ẹ lọ. Ẹ̀yin tí a ṣẹ̀, Olúwa wa dárí ji àwọn tí ó kàn án mọ́ àgbélébùú kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́, ó sì ń pè yín sí ọ̀nà náà. Yóò fún yín ní agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ gbogbo ìjọ: ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ Jésù le ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ sáré. Ẹni tí ó sọ pé, “Mo ń gbìyànjú, n kò tí ì lè ṣe é,” ti wà lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́, nítorí pé ní kóòtù ẹnìkan ń borí, ẹnìkan ń ṣubú. Ní ibi omi ìrìbọmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń tẹrí ba.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìbéèrè: Ṣé ìgbàgbé ni ìdáríjì?
Ìdáhùn: Rárá. Ìdáríjì mọ ibi tí a ṣe, ó pè é ní orúkọ rẹ̀, ó sì kọ̀ láti gbẹ̀san.

Ìbéèrè: Kí ni àwọn Júù kọ́ wa nípa ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ sí ọmọnìkejì?
Ìdáhùn: Pé ààwẹ̀ àti àdúrà nìkan kò wẹ̀ ẹ́, àfi kí a lọ bá ẹni náà, kí a ṣàtúnṣe, kí a sì tọrọ àforíjì.

Ìbéèrè: Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá kọ̀ ń kọ́?
Ìdáhùn: A ó padà lọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí onísùúrù, bí ó bá ṣì kọ̀, a ó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láìbínú sí i.

Ìbéèrè: Ṣé àtúnṣe ni ó ń ra ìdáríjì Ọlọ́run?
Ìdáhùn: Rárá. Ọ̀fẹ́ ni ìdáríjì Ọlọ́run. Àtúnṣe ni èso ọkàn tí ó ti padà.

IṢẸ́ ỌSẸ̀

Kí olúkúlùkù jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ó rántí ẹnìkan ṣoṣo tí òun ti ṣẹ̀. Kí ó bi ara rẹ̀ pé: kí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni mo ṣe lè dá a padà? Kí ó lọ bá a kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí ẹni náà bá ti kú, kí ó lọ sí ibojì rẹ̀ tàbí sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e lọ, kí ó wá bá mi. Èmi yóò bá a lọ.

ÀDÚRÀ

Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, ìwọ tí o mú kí Ísọ̀ sáré pàdé arákùnrin rẹ̀, fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò rìn lọ bẹ̀bẹ̀ àti ọwọ́ tí yóò ṣílẹ̀kùn. Tu àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú ní ilẹ̀ wa. Má ṣe jẹ́ kí a wá sí ibi omi mímọ́ rẹ pẹ̀lú ààlà ẹlòmíràn lọ́wọ́ wa. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.